Ta Ló Ṣí Ilẹ̀kùn Sílẹ̀?

Ohun tó kọ́kọ́ bá mi lójijì ní Èkó kì í ṣe ariwo, kì í sì í ṣe ọ̀pọ̀ èrò. Wọ́n ti kìlọ̀ méjèèjì fún mi kí n tó kúrò nílé, mo sì ti múra sílẹ̀ dè wọ́n. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé wọ́n máa fi Yorùbá mi rẹ́rìn-ín.

Ní ibùdókọ̀ Bọ́ládé ló ti ṣẹlẹ̀, ní Òṣòdì, ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé. Obìnrin kan ń ta ṣájà fóònù lórí àtẹ. Mo kúnlẹ̀ kí i bí ìyá mi ṣe kọ́ mi, mo béèrè ara, mo béèrè ilé, mo béèrè àwọn ọmọ, kí n tó wá béèrè ọ̀nà Ìsọlọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Sístà, ṣé ẹ fẹ́ ra nǹkan ni, àbí prayer lẹ fẹ́ ṣe fún mi?" Ó yíjú sí ẹnì kejì rẹ̀. "Ẹ wá gbọ́ èyí o! Bíi grandma mi ló ń sọ̀rọ̀!"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì fi ọ̀nà hàn mí pẹ̀lú sùúrù. Wọn ò ní èrò ibi kankan. Ṣùgbọ́n ẹnu yà mí débi pé mo gbàgbé ọ̀nà náà kí n tó rìn jìnnà. Èdè tí mo rò pé yóò mú mi wọ ìlú yìí bí ọmọ onílé, òun gan-an ló tú mi fó pé àlejò ni mí.

Ọmọ Kétu ni mí. Kì í ṣe Kétu tó wà lẹ́bàá Mile 12 l'Ékòó o. Kétu àtijọ́ ni, ní òdìkejì bọ́dà, níbi tí ìjọba ti ń sọ Faransé tí àwa aráalé sì ń sọ Yorùbá. Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan ní Ìsọlọ̀ ní kí n wá máa kọ ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn, mo sọ fún ìyá mi pé kó má fòyà, Èkó kì í ṣe òkè òkun, èdè wa náà ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ìyá mi ní ohun tó ń ba òun lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ó ní àjèjì tí kò gbédè, wọ́n á ṣàánú rẹ̀. Àjèjì tó bá gbédè, wọ́n á ní kó mọ gbogbo nǹkan. Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Ní ibi iṣẹ́, Túndé tí a jọ ń jókòó ní ọ́fíìsì béèrè ibi tí mo ti wá. Mo ní Kétu.

"Ketu kẹ̀? Ó easy fún ẹ nìyẹn. Ṣebí bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni."

Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó la ojú rẹ̀. "Ah-ah! So o kì í ṣe ọmọ Naija rárá! Ṣùgbọ́n o ń sọ Yorùbá now!" Ó sọ ọ́ bí ẹni pé mo jí èdè náà gbé. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Madam Cotonou, gbogbo ọ́fíìsì sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Èmi tí mi ò gbé Kùtọnú rí láyé mi.

*

Ilé-iṣẹ́ náà wà nínú Industrial Estate, ní ẹ̀yìn ibi tí àwọn tírélà máa ń tò sí láti òwúrọ̀. Òògùn la ń tọ́jú níbẹ̀ fún àwọn tó ń tà á: abẹ́rẹ́ àti àwọn òògùn mìíràn tí ooru kò gbọ́dọ̀ kàn. Wọ́n wà nínú yàrá ńlá kan tó tutù bíi yìnyín, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ nípọn ju ògiri ilé wa ní Kétu lọ. Ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn náà ni Àǹtí Kúdí.

Ìyá Sòfíà ni àwọn tó kù ń pè é. Òun ló ní kí èmi máa pe òun ní Àǹtí, nítorí ó ní òun ò tíì dàgbà tó láti jẹ́ ìyá oníkọ̀ǹpútà. Àwọn òbí rẹ̀ wá láti Ìṣẹ́yìn, ṣùgbọ́n Òkòtà ni wọ́n bí i sí. Lójoojúmọ́ ló máa ń wọ súwẹ́tà nípọn lórí híjáàbù rẹ̀, nínú oòrùn Ìsọlọ̀, tí yóò máa rìn kiri bí ẹni pé ọyẹ́ ń mú òun nìkan. Nígbà tó gbọ́ pé orí ilẹ̀ lọ́dọ̀ ojúlùmọ̀ kan ni mò ń sùn sí, kò bi mí ní ìbéèrè púpọ̀. Ó ní Sòfíà ọmọ òun ti lọ sílé ọkọ, yàrá rẹ̀ ṣófo, kí n kó ẹrù mi wá.

Bí mo ṣe di ará Òkòtà nìyẹn. Ẹni tó gbà mí sílé dáa, ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ le. Ní ilé wa ní Kétu, ilẹ̀kùn kì í tì lójúmọmọ. Tí ẹ bá ti ilẹ̀kùn ní ọ̀sán, àwọn aládùúgbò á wá béèrè ẹni tó kú tàbí ẹni tó ń bínú. Ní ilé Àǹtí, bí mo bá wọlé tí mi ò tètè tì í, ariwo á ti kíṣìnì jáde: "Ta ló ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ yẹn? Ẹ̀fọn ń wọlé o!" Ó máa ń já mi láyà. Ní oṣù àkọ́kọ́, mo rò pé ó kórìíra mi ni.

Mo máa ń pe ìyá mi ní ìrọ̀lẹ́. Mo máa ń sọ fún un pé mo jẹun, pé iṣẹ́ ń lọ, pé àwọn èèyàn fẹ́ràn mi. Mi ò sọ fún un pé mo ti dín ọ̀rọ̀ sísọ kù. Mo ti ń kí èèyàn ní ṣókí bíi tiwọn, mo sì ti ń pe nọ́mbà ní Gẹ̀ẹ́sì nítorí pé bí mo bá ní "mẹ́tàlélógún", Túndé á ní kí n dúró kí òun ronú ná. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé mò ń wọ aṣọ tó fún mi pinpin. Nígbà tí mo bá gé ìpè náà tán, mo máa ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì Sòfíà, màá sì máa gbọ́ bí àwọn ará ilé kejì ṣe ń pariwo pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Àárò ilé máa ń sọ mí gidi gan-an nígbà náà.

*

Oníbàárà kan ló kọ́kọ́ ṣàròyé pé òògùn òun bà jẹ́. Ni Mánájà wa bá ra ẹ̀rọ kékeré kan láti òkè òkun, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè ilẹ̀kùn yàrá òtútù. Iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí kò ju ọ̀kan lọ: ìgbàkígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, á ka iye sẹ́kọ́ńdì tó fi ṣí sílẹ̀, á sì fi nọ́mbà náà ránṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ètò tí yóò gba nọ́mbà náà tí yóò sì gbé e sójú kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ nìyẹn, wọn ò sì tíì gbà mí síṣẹ́ tán pátápátá. Mánájà ti sọ ọ́ ní gbangba pé bí mo bá ṣe é dáadáa mo di òṣìṣẹ́ wọn, bí mi ò bá ṣe é dáadáa kí n máa palẹ̀ ẹrù mi mọ́.

Ní ọjọ́ tí a fẹ́ dán an wò, mo bẹ Àǹtí pé kó ṣí ilẹ̀kùn kó sì tì í, kí n rí ohun tí ẹ̀rọ máa sọ. Ó kọ̀ jálẹ̀.

"Òògùn ló wà nínú ibẹ̀, kì í ṣe pure water. Mi ò ní ṣí i torí eré."

"Àǹtí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń kú."

Mánájà fúnra rẹ̀ gbè é lẹ́sẹ̀. Òfin ilé-iṣẹ́ ni pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣí ilẹ̀kùn náà bí kò bá ní ẹrù tó fẹ́ gbé. Nítorí náà, bí ilẹ̀kùn ṣe wà ní títì la ṣe dán an wò. Ilẹ̀kùn tì, òdo ló yẹ kí kọ̀ǹpútà sọ, òdo náà ló sì sọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Túndé tiẹ̀ ra ohun mímu tútù fún mi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Mánájà pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Mo rò pé ìyìn ló kù. Nígbà tí mo wọlé, Àǹtí ti wà níbẹ̀, ó dúró pẹ̀lú súwẹ́tà rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti rẹ̀wẹ̀sì.

"Ẹ wò ó," Mánájà ní, ó yí kọ̀ǹpútà sí wa. "Ogún ìṣẹ́jú ó lé! Ẹ wo èyí: ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Èyí, ó lé ní ogójì! Ìyá Sòfíà, ogójì minutes lẹ fi ṣí ilẹ̀kùn yàrá òtútù sílẹ̀!"

"Ọ̀gá, irọ́ ni. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Ẹ má búra. Ẹ wo ọjọ́ Sátidé tẹ́ ẹ wà nílé. Èmi fúnra mi mú àlejò mẹ́ta wọbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ilẹ̀kùn sì ṣí lọ́jọ́ náà. Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀! Three seconds! Bí èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn!"

Ó yíjú sí mi.

"Madam Cotonou, ṣé ẹ̀rọ yìí ń purọ́ ni?"

Mo rántí òdo tí gbogbo wa rí, mo rántí àtẹ́wọ́ tí wọ́n pa. "Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, sà," mo ní. Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn lọ́jọ́ náà.

Mánájà ní àwọn àgbà ilé-iṣẹ́ máa jókòó lé ọ̀rọ̀ náà ní ọjọ́ Ẹtì. Ó ní bí Ìyá Sòfíà kò bá ní àlàyé, kó máa lọ sílé.

*

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Àǹtí se ìrẹsì bí ó ṣe máa ń sè é, ó bu tèmi síwájú mi. Kò kígbe nípa ilẹ̀kùn. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ dẹ́rù bà mí ju ariwo rẹ̀ lọ.

"Ìwọ náà rò pé mo ṣe é?" ó béèrè.

Mo fẹ́ sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n mo rántí pé ó máa ń sáré lọ kírun Àsárì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bóyá ó máa ń gbàgbé ilẹ̀kùn nígbà náà. "Mi ò mọ̀, Àǹtí," mo ní.

Ó mi orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ní kí n jẹun kó tó tutù.

Ara mi ò balẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, mo mú nọ́mbà ọjọ́ kan ṣoṣo, mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Mo tún un rò. Láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀ la ń ṣiṣẹ́ di aago márùn-ún, wákàtí mẹ́sàn-án. Ilẹ̀kùn tí ètò mi ń kà, wákàtí mẹ́rìnlá ló fi wà ní ṣíṣí lọ́jọ́ náà. Mo pariwo débi pé Túndé dìde lórí àga.

"Kí ló dé? Ṣé iná ló gbé ẹ?"

"Túndé, ọjọ́ kan kò gba ohun tí ẹ̀rọ yìí ń sọ."

Ó wò ó, ó pòṣé. "Network ni," ó ní, ó sì jókòó padà. Gbogbo ohun tí kò bá yé Túndé, network ni.

Mo wá mọ̀ pé irọ́ wà níbì kan, ṣùgbọ́n mi ò mọ ibi tó wà. Mo ka gbogbo ohun tí mo kọ láti òkè délẹ̀, mi ò rí àṣìṣe kankan. Ọkàn mi sì ń sọ ohun mìíràn fún mi tí mi ò fẹ́ gbọ́: bí ètò mi bá jẹ̀bi, èmi ni wọ́n máa lé. Ọ̀kan nínú èmi àti Àǹtí ló máa kúrò ní ilé-iṣẹ́ yẹn lọ́jọ́ Ẹtì. Wo bí ayé ṣe rí! Ẹni kan ṣoṣo tó ṣí ilẹ̀kùn fún mi ní Èkó, iṣẹ́ ọwọ́ mi ló fẹ́ lé e síta.

*

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo pe ìyá mi. Adìẹ ló ń sìn, ẹyin ló sì ń tà. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n kí i tán tó fi bẹ̀rẹ̀.

"O ò mọ ohun tí ojú mi rí lónìí! Oníbàárà tuntun kan láti Sàkété ní kí n sọ iye ẹyin tí mo ní fún òun. Mo ní márùn-ún, méjìlá."

Ní ilé wa, báyìí la ṣe ń ka ẹyin. Nọ́mbà méjì la máa ń pè. Àwọn tó ṣẹ́ kù, tí wọn ò kún kíréètì, la kọ́kọ́ ń dárúkọ, nítorí àwọn ló máa ń tètè fọ́. Iye kíréètì la ń fi ṣe ìkẹyìn. Márùn-ún, méjìlá: ẹyin márùn-ún àti kíréètì méjìlá. Gbogbo ẹni tó ń bá ìyá mi rajà ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ó wá gbé alùpùpù wá," ìyá mi ní. "Alùpùpù, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ kan! Ó ní kíréètì márùn-ún lòun gbọ́, pẹ̀lú ẹyin méjìlá. Ó dúró, ó ń wo kíréètì méjìlá bí ẹni tó rí iwin!"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Lójijì ni ẹ̀rín náà gé.

"Kí ló ṣe ọ́?" ìyá mi béèrè. "Ṣé o wà níbẹ̀?"

Mo wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi ti lọ sí ìdí ẹ̀rọ ilẹ̀kùn. Nọ́mbà tí ẹ̀rọ ilẹ̀kùn ń fi ránṣẹ́ kì í wá ní odindi. Inú àpótí kéékèèké méjì ló máa ń pín in sí. Báìtì ni àwa oníkọ̀ǹpútà ń pe irú àpótí bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan wà fún ẹyọ, bí ẹyin tó ṣẹ́ kù. Èkejì wà fún ìdì, bíi kíréètì. Àmọ́ kíréètì ti kọ̀ǹpútà kì í ṣe ọgbọ̀n bíi ti ẹyin, igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni. Ibi tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́, ìdì ló ń ṣáájú nínú gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n fi kọ́ wa, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tí mo bá ní Ìsọlọ̀. Ìwé pélébé tó bá ẹ̀rọ tuntun yìí wá kò sọ èyí tó ń ṣáájú. Bó bá wá jẹ́ pé bí ìyá mi ṣe ń kà ni ó ń kà ńkọ́? Ilẹ̀kùn á ṣí fún sẹ́kọ́ńdì márùn-ún, ẹ̀rọ á fi ẹyọ márùn-ún ránṣẹ́, ètò mi á sì kà á sí ìdì márùn-ún, bí oníbàárà Sàkété. Ìdì márùn-ún sì ni ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún.

Òdo tí a fi dán an wò ńkọ́? Òdo àti òdo ni. Ibi yòówù kéèyàn ti kà á, òdo náà ni. Bí Àǹtí bá ti gbà láti ṣí ilẹ̀kùn yẹn fún mi ní ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́jọ́ náà, a ò bá ti rí i. Bí Àǹtí ṣe ń ṣọ́ ilẹ̀kùn náà jù ló kó o sí wàhálà pé kì í ṣọ́ ọ.

"Màmá," mo ní, "Ọlọ́run á fún yín ní ẹ̀mí gígùn."

"Àmín. Ṣùgbọ́n ta ló máa ra ẹyin mi?"

Mi ò sọ fún Àǹtí. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i ná, kí n má lọ fún un ní ìrètí tí yóò já lulẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo ti jáde kó tó kírun Àsùbáà tán.

*

Ohun tí mo yí padà nínú kóòdù náà kò ju ìlà kan lọ. Mo ní kí ètò mi máa fi ẹyọ ṣáájú. Gbogbo nọ́mbà ọ̀sẹ̀ náà wó lulẹ̀ níwájú mi: márùn-ún, mẹ́jọ, mẹ́rin, mẹ́wàá. Sẹ́kọ́ńdì lásán ni gbogbo wọn. Àǹtí ò fi ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀ tó àkókò téèyàn fi ń sín ní ẹ̀ẹ̀mejì.

Inú mi ń dùn, mò ń rẹ́rìn-ín ní èmi nìkan, àfi ìgbà tí ojú mi kan ọjọ́ Sátidé. Nọ́mbà kan wà níbẹ̀ tí kò wálẹ̀. Lókè ló ń lọ. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi.

Nígbà tí wọ́n pè wá wọlé, Mánájà wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgbà ilé-iṣẹ́ méjì, Túndé sì wá bá mi gbé kọ̀ǹpútà. Mo ṣì ń wá ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Àǹtí dìde. Ó ti bọ́ súwẹ́tà rẹ̀, ó ká a sórí apá.

"Ẹ má wulẹ̀ yọ ọmọ yìí lẹ́nu," ó ní. "Èmi ni mo ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Mo máa ń gbàgbé. Iṣẹ́ tí ọmọ náà ṣe dáa, ẹ gbà á síṣẹ́."

Bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ gún mi nígbà náà, mi ò ní mọ̀. Mo wò ó. Kò wò mí.

"Ó ti tán," Mánájà ní, ó sì ti ń kó ìwé rẹ̀ jọ. "Ó ti jẹ́wọ́."

"Kò ṣe é!" Ohùn tó jáde lẹ́nu mi, ohùn Kétu ni, mi ò ráyè yí i sí ti Èkó. "Ẹ dákun, ẹ̀yin àgbà, ẹ fi sùúrù gbọ́ mi. Nọ́mbà náà ni mo kà sódì. Àǹtí ò mọwọ́ mẹsẹ̀."

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi dé ìdí ilẹ̀kùn. Ẹrù kan ń dúró de ọkọ̀, nítorí náà Àǹtí ní ìdí láti ṣí i. Ó ṣí i, ó wọlé, ó gbé páálí òògùn kan, ó jáde, ó tì í. Mo ní kí wọ́n wo ojú kọ̀ǹpútà. Bí mo ṣe ń kà á tẹ́lẹ̀, ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n. Bí mo ṣe ń kà á báyìí, sẹ́kọ́ńdì mẹ́fà. Àwọn àgbà méjèèjì wo ara wọn. Kò sí èyí tó gbà pé àwọn ti dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n.

"So gbogbo ẹ̀ ló dín kù báyìí," Mánájà ní. Ó fẹ́ fi ẹ̀rín bò ó. "Tèmi ńkọ́, ti Saturday? Three seconds ni tẹ́lẹ̀, àbí ó ti di nothing?"

Mi ò fẹ́ fèsì. Mo gbàdúrà kí ẹnì kan pè é lórí fóònù. Ó tún béèrè. Mo yí kọ̀ǹpútà sí i.

Ìdì mẹ́ta, ẹyọ kò sí. Ó dín díẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́tàlá.

Túndé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Mo ń rò ó nígbà yẹn náà pé báwo lèèyàn mẹ́rin ṣe wọlé tí wọ́n sì jáde láàárín three seconds," ó ní jẹ́jẹ́.

Mánájà fi ọwọ́ nu iwájú orí rẹ̀, níwájú yàrá tó tutù jù ní gbogbo Ìsọlọ̀. "Àwọn àlejò yẹn fẹ́ ya fọ́tò ni," ó ní.

*

Mo bá Àǹtí ní ìta, lẹ́bàá géètì. Ó ti wọ súwẹ́tà rẹ̀ padà, ó ń wo àwọn tírélà.

"Àǹtí, kí ló dé tẹ́ ẹ fi jẹ́wọ́ ohun tẹ́ ẹ ò ṣe?"

"Bí ẹ̀rọ bá jàre, èmi ni wọ́n máa lé. Bí ẹ̀rọ bá jẹ̀bi, ìwọ ni. Wọ́n lé mi níbí, Òkòtà ni mò ń lọ. Mo ní ẹ̀gbọ́n, mo ní àbúrò, mo mọ ilé tí mo lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìwọ ńkọ́? Ta lo mọ̀ ní Èkó yìí?"

"Ẹ̀yin ni mo mọ̀."

"Ẹn-ẹn," ó ní. "O ti gbọ́ ọ."

Mo sunkún níbẹ̀, láàárín ọ̀nà, àwọn awakọ̀ sì ń wò mí. Èmi tí mo sọ fún un pé mi ò mọ̀, nígbà tó béèrè lọ́wọ́ mi ní ìdí oúnjẹ rẹ̀. Ó fún mi ní etí súwẹ́tà rẹ̀ kí n fi nu ojú, ó sì ní kí n má fi ikun imú yí i.

Wọ́n fún mi níṣẹ́ náà níkẹyìn. Mánájà kò sọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn mọ́, kò sì tún mú àlejò wọ yàrá òtútù. Túndé ṣì ń pè mí ní Madam Cotonou, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ó máa ń béèrè lọ́wọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pe nọ́mbà kan ní Yorùbá, á sì rẹ́rìn-ín nígbà tó bá rí i pé ẹyọ ló ń ṣáájú nínú "mẹ́tàlélógún", tí ogún ń tẹ̀ lé e. Mo ti padà sí bí mo ṣe ń kí èèyàn tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rẹ́rìn-ín.

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi. Ó ní kí n gbé fóònù fún Àǹtí. Mi ò mọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ, nítorí Àǹtí gbé fóònù náà wọ kíṣìnì. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń sọ lemọ́lemọ́ pé "Ẹ tún un sọ, mà, ẹ rọra tún un sọ."

Ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Bí mo ṣe ṣí ilẹ̀kùn ilé ni mo rí ẹyin lórí tábìlì. Ìyá mi ti fi rán ẹnì kan tó ń bọ̀ wá sí Èkó. Aládùúgbò wa kan jókòó ti Àǹtí, ó ń béèrè iye tí wọ́n fi ránṣẹ́.

"Mẹ́ta, méjì," Àǹtí dá a lóhùn.

"Kí ni mẹ́ta, méjì? Kíréètì méjì ni mò ń wò níbí yìí."

"Ṣe sùúrù, kò yé ẹ ni. Àwọn tó lè fọ́ la máa ń kọ́kọ́ kà ní ilé wa."

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ilé wa. Mo di ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn mú, mo sì ń wo ẹ̀yìn orí rẹ̀ àti híjáàbù rẹ̀ tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Kò yíjú padà.

"Ta ló ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ yẹn?" ó pariwo. "Wọlé, kí o tì í!"